Àwo Tí Kò Bàjẹ́

Nígbà Ìyípadà, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ dá àwo orin padà fún ìyá àgbà tó ń tà á ní ọjà Dantokpa.

"Màmá, àwo yìí ti bàjẹ́. Gìtá ń dún, ẹni tó yẹ kó lé orin ò sọ nǹkan kan, àwọn elégbè kàn ń dáhùn."

"Kò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é."

"Ta ní ń gbe orin tẹ́nikẹ́ni ò dá? A gbọ́ pé olórin wọn kú. Ṣé kò sí olóhùn mìíràn ni?"

"Wọ́n pọ̀. Èmi ni mo bí ẹni tó kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nílé mi ní Agblangandan, pé kí n yan ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lu orin inú àwo yìí. Nígbà tó kan ibi tí ọmọ mi máa ń lé, kò sẹ́ni tó yanu, ṣùgbọ́n àwọn elégbè dáhùn bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ. Mo ní, 'Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.'"

"Ẹ má bínú, màmá. N ò mọ̀."

"Inú wo ló fẹ́ bí mi? Wọ takisí tó ń lọ sí Ekpè lọ́la. Bí orin yìí bá dé ibi tí ọmọ mi máa ń lé nínú rédíò, gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń lé e. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sin, ọmọ mi. Wo iye ẹnu tó ń kọrin rẹ̀."