Bàbá Maren Ni Mo Pè

Dókítà ní mi ò ní rí ìgbà tí yìnyín yóò yọ́. Ẹ jẹ́ kí n wí i kí ẹnu mi tó pa dé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi Darlene tí ẹ ń pè ní ìyá àwọn ọmọ nílé ìtọ́jú wa ní Duluth, ìkà ni mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Maren Skoglund nígbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró. Òfin gbà á láyè láti gba ìtọ́jú láìjẹ́ kí òbí mọ̀. Ṣùgbọ́n ká tó lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún ìwádìí tí à ń ṣe nílé ìtọ́jú, òbí gbọ́dọ̀ gbà, àfi tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí bá ní kò pọn dandan. Mo lè tọ ìgbìmọ̀ lọ. Ìwàǹwára ò jẹ́. Maren ni mo lọ ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

“Màmá, ẹ wá ẹlòmíì. Bí bàbá mi bá gbọ́, á lé mi jáde. Àbí ẹ máa gbà mí sílé yín tó ń rùn bí ológbò yẹn?”

Brenna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú bí mi, àgbà tó yẹ kó gbé e mì. Mo wọ ọ́fíìsì, mo pe bàbá rẹ̀, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo fohùn oyin bá a sọ̀rọ̀.

“Àṣẹ yín la fẹ́ gbà, sà, fún ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ń lo oògùn olóró.”

“Maren tèmi? Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun lòun wà.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ fi ṣe ohun tó bá wù yín. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Maren tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà! Ẹ ní Maren mìíì ni!”

Mo ní, “Lọ bá ológbò sùn.”

Kò dúró jẹun ọ̀sán. Ó kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó ṣí i. Àwọn tó ń pẹja lórí yìnyín ni wọ́n rí òkú rẹ̀ létí adágún, oògùn ló pa á.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọ̀gá wa pe gbogbo wa jọ: “Ta ló sọ fún bàbá ẹ̀?” Mo na ìka sí Brenna. Ọmọ náà ní, “Èmi? Bóyá mo ti sọ ọ́ níbì kan nígbà tí ojú mi ò dá.” Ó gbà mí gbọ́! Ó sunkún lọ sílé, kò sì parí ìtọ́jú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ má torí tèmi gbàdúrà. Brenna ṣì wà láàyè, ó ti ń darúgbó lọ nínú ọtí. Ẹ wá a rí. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun ló pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.