Àgbo Tí Mo Fún Bíńgò

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde lónìí kí Àsánì tó dé, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Èmi náà ti bi ara mi títí. Èmi Ìbídùn, ìyá Ọmọ́yẹni, ológì Igbó-Elérin, tí ẹ máa ń rí nínú aṣọ funfun ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mo pa ajá Adégbọlá. Àbí kí n sọ pé mo rò pé èmi ni mo pa á. Ẹ rí i bó ṣe dà rú mọ́ mi lójú? Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ẹnu mi ṣe lẹ́yìn tí ajá náà kú, ìyẹn kò rú mi lójú rárá.

Ọdún 1987 ni. Inú ilé Bàbá Gbàdàmọ́sí, ọmọ ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ni gbogbo wa ń gbé. Adégbọlá jẹ́ kúkù nínú ọkọ̀ òkun. Kò níyàwó, kò bímọ, Bíńgò ajá rẹ̀ nìkan ló ní. Nígbà tó fẹ́ padà sójú òkun, èmi ló fa ajá náà lé lọ́wọ́, ó sì kọ́ mi bí n óò ṣe máa bọ́ ọ. Ó ní, “Ìyá Ọmọ́yẹni, ìrẹsì díẹ̀, ẹja tàbí ẹran tó jinná dáadáa, kárọ́ọ̀tì, ó parí. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi ata sí i. Egungun adìyẹ, no! Àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kó dé inú oúnjẹ ẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó tá a jọ wà nínú ship ló kọ́ mi.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín sínú pé irú oúnjẹ aláìsàn wo rèé.

Mo ṣe é bó ṣe wí. Àánú ajá náà ló kàn ń ṣe mí. Bó bá jẹ ìrẹsì aláìníyọ̀ yẹn tán, yóò wá jókòó síwájú mi, yóò máa wò mí, n óò sì ju bisikíìtì sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń da mílíìkì inú agolo sínú abọ́ rẹ̀. Adégbọlá kò sá dárúkọ bisikíìtì, kò dárúkọ mílíìkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i tí Bíńgò jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, tó ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní pariwo jẹ̀díjẹ̀dí? Ohun dídùn tí mo ń fún un ti bà á nínú jẹ́, ohun tí mo rò nìyẹn. Ológì ni mí, omidùn kì í wọ́n mi. Mo gbé ìkòkò, mo gé àlùbọ́sà sínú omidùn, mo fi àáyù àti kán-ún sí i, mo dé e, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ mi.

Mo rántí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà o. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo rántí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ ni Adégbọlá wí, oògùn sì ni èyí. Ṣé oògùn ń jẹ́ oúnjẹ ni? Òmùgọ̀ obìnrin! Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó yẹra. Mo bá pò ó mọ́ omi ẹja, ó sì lá a, torí pé ọwọ́ mi ló ti ń jẹun. Ojoojúmọ́ ni mo ń fún un. Nígbà tó yá, kò lè sáré mọ́, èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ wá pọ́n. Mo ní àrùn náà ló ń jáde yẹn, mo bá bù kún àgbo. Ọ̀sẹ̀ tí Adégbọlá dé gan-an ni Bíńgò kú sábẹ́ àpótí tí mo fi ń jókòó. Títí di òní mo ṣì ń rò ó: ṣé àgbo ni, àbí àìsàn mìíràn, àbí ó ń ṣàárò ọ̀gá rẹ̀? N kò mọ̀.

Àsánì, bíríkìlà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ mi, kò fẹ́ràn ajá náà. Mùsùlùmí ni, Bíńgò sì ti gun ẹní ìkírun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó pariwo lọ́jọ́ náà pé, “Bí ajá yìí bá tún dé orí ẹní mi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa mọ̀ ọ́n!” Gbogbo ilé ló gbọ́. Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ògì gbígbóná mi ló sì ń mu kí omi ọmú lè wá.

Bàbá Gbàdàmọ́sí pe gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adégbọlá ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Ìyá Ọmọ́yẹni, kí ló jẹ?” Mo ní, “Ohun tẹ́ ẹ ní kí n máa fún un náà ni.” Bàbá wá bi mí pé, “Ṣé o rí ẹnikẹ́ni nídìí abọ́ ẹ̀?” Ìkòkò àgbo wà lẹ́yìn ilé. Mo la ẹnu, mo ní, “Mo rí Àsánì níbẹ̀ láàárọ̀.” Mo rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀bá ẹ̀rọ omi ni abọ́ ajá máa ń wà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì pa irọ́ tó burú tó o láyé mi.

Wọ́n dìde sí i. Adégbọlá mú igi. Ìgbà náà lẹ̀rù bà mí, mo kúnlẹ̀, mo ń ké pé, “Ẹ má lù ú, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run!” Wọn kò lù ú, ṣùgbọ́n Bàbá ní kó kó jáde kúrò nílé òun lọ́jọ́ náà gan-an. Òjò ń rọ̀. Tàíbátù pọn ọmọ tuntun, ó yíjú sí mi: “Ìyá Ọmọ́yẹni, ẹ bá wa bẹ Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Àsánì ò lè ṣe é.” Mo mọ̀. Mo wo ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde tán, mo lọ da àgbo nù.

Ọdún gorí ọdún. Adégbọlá ti kú, Bàbá Gbàdàmọ́sí náà ti kú. Mo rò pé ó ti tán. Àfi bí mo ṣe ń ra àgbàdo ní Ìyànà Ìbà lọ́sẹ̀ yìí, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. “Màmá ológì! Èmi Àsánì rèé! Okòkómáíkò la wà báyìí.” Ó gba àpò àgbàdo lórí mi. Ó ní, “Màmá, òótọ́ lẹ sọ pé ẹ rí mi nídìí abọ́, mi ò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá lù mí pa. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé Kristẹni kan wà tó dúró tì mí. Mò ń bọ̀ wá kí yín ní Sunday, èmi, Tàíbátù, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà yẹn.” Mo ní àmín. Àmín kí ni? N kò mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí.

Òní ni Sunday náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ajá, kó tó di ọ̀rọ̀ ènìyàn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Àsánì, má tíì jókòó. Ọwọ́ mi ni Bíńgò kú sí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, mo sì tì ọ́ síwájú wọn. Dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè dárí jì mí, jọ̀ọ́, ṣáà bá mi gba ọpẹ́ rẹ padà.