Táyà Mẹ́rin tí Mo Yọ Lọ́jọ́ Àìkú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí èémí tó kù nínú mi tó tán. Dókítà ti ní kí n ránṣẹ́ pe àwọn ènìyàn mi. Mo wá wo yàrá yìí yíká: bẹ́ẹ̀dì, ife omi, àti àga kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ènìyàn kan ṣoṣo ló kù mí kù láyé, àbúrò mi ni, òun náà sì ni mo ṣẹ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo mọ ara mi: tó bá ti wọlé, tó ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ara ńkọ́?", ẹnu mi á tún pa dé bó ṣe ń pa dé láti ọdún mọ́kànlá.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta pákó ni àwa méjèèjì wà nígbà náà. Èmi ni mò ń tọ́jú táyà gbogbo ọkọ̀ wọn, àbúrò mi ń wa píkọ́ọ̀pù ọ̀gá. Pẹ̀lẹ́ la máa ń pè é, torí bó ṣe ń wakọ̀. Bí wọ́n bá ní kéèyàn má kọjá ọgọ́rin kìlómítà lójú ọ̀nà kan, Pẹ̀lẹ́ á tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí wọ́n bá rán an lọ pe dókítà, ara aláìsàn á ti yá kó tó dé. Á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tó fi ń yangàn kò ju pé òun ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè mí, ó ní píkọ́ọ̀pù òun ò níyì, ó dà bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹyin. Ó fẹ́ kó ga, kó dúró gbagidi. Táyà tó bá ọkọ̀ náà wá, ìnṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni gíga rẹ̀. Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá fi ìnṣì kan péré kún un, nǹkan kan ò ní ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo gbé wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ríìmù dúdú tó fẹ̀, mo tún gé ike abẹ́ rẹ̀ kúrò kó má baà máa ha táyà bí wọ́n bá yíwọ́. Ọ̀gá yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ọwọ́ mi kò láfiwé. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà.

Pẹ̀lẹ́ nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wọn táyà náà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èyí ò ní da mítà rú?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Iye ìgbà tí táyà bá yí ni mítà ń kà. Táyà ńlá, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á rìn jìnnà ju kékeré lọ, mítà ò sì mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí mítà bá ń sọ ọgọ́rin, eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an á ti lé ní àádọ́rùn-ún. Oníwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló ń tún un ṣe, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ oníwáyà. N kò gbé e dé ibì kankan. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ n ó gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já sójú títì. Pẹ̀lẹ́ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró níbi tó yẹ kó ti dúró. Ọkùnrin náà kú. Ẹ̀rọ tó ń ka eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Pẹ̀lẹ́ ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọlọ́pàá pé, "Ojú mi wà lára mítà. Ọgọ́rin ni." Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba táyà, ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún un pé mítà ti bọ́ sípò. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ọgbà wa torí ọgbà tiwọn ti kún, wọ́n ní ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ibí ni kó ti bú mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá pè mí, ó ní táyà yẹn ga ju ohun tí òfin gbà lọ, àti pé tí wọ́n bá rí i, àwa méjèèjì la máa jìyà ẹ̀. Ó ní kí n dá ti àtijọ́ padà. N kò bá a jiyàn. Mo gbé jáàkì, mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlélógún, mo dá àwọn kékeré padà síbẹ̀, mo sì bu eruku pa wọ́n lára kó lè dà bíi pé wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni àyẹ̀wò dé, ó wa ọkọ̀ náà, mítà pé pérépéré. Àwọn awakọ̀ yòókù rí i pé táyà ti yí padà, ọ̀gá wò wọ́n lójú, oníkálùkù panu mọ́. Nílé ẹjọ́, wọ́n bi mí bóyá nǹkan kan ṣe táyà ọkọ̀ náà. Mo ní, "Olúwa mi, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dára." Pẹ̀lẹ́ yíjú sí mi. Kò fura sí mi o. Ẹni tó máa gba òun gbọ́ ló ń wá. Mo wolẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ó sáré, ó tún purọ́.

Màámi ò dúró dè é. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú nígbà tí wọ́n fẹ́ kú, wọ́n ní, "Mo dúpẹ́ pé ọ̀kan nínú yín ṣì ń sọ òótọ́." Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jókòó ti ènìyàn mọ́. Ìyàwó mi ní òun ò lè máa bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gbé, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mò ń jẹun, màá tan rédíò kí ohùn kan ṣáà lè wà nínú ilé.

Pẹ̀lẹ́ ò wakọ̀ mọ́. Ẹnu géètì iléèwé kan ló ń ṣọ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì ń pè mí. Lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé mo purọ́ ni. Mo ti lọ bẹ ìyàwó ọkùnrin yẹn, mo ní mò ń sáré, mo sì mọ̀." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní ó ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọ táyà, bí ẹ bá pààrọ̀ ìwọ̀n, ẹ tún mítà ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ ò bá sì ṣe é, ẹ tètè sọ.

Pẹ̀lẹ́, àwọn táyà ńlá náà wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé mi, ríìmù dúdú ṣì wà nínú wọn. Kọ́kọ́rọ́ nìyí lábẹ́ ìrọ̀rí. Kó wọn tọ ọlọ́pàá lọ, mú ìwé yìí lọ fún ìyàwó ọkùnrin tó kú náà, kí wọ́n mọ ẹni tó purọ́. Dárí jì mí tó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, jọ̀ọ́, jókòó lórí àga yìí díẹ̀ kí o tó bínú lọ. Ọgọ́rin lo rí, àbúrò mi. Ojú rẹ ò tàn ọ́.