Aṣọ Márùn-ún Tí Mo Wọ̀ Fún Màmá Lọ́jọ́ Kan

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí aláàánú ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ìpè kan tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Sùúrùlérè. Nígbà náà, èmi ni mo ń polówó ilé náà, èmi náà ni mo sì ń bá àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Gbogbo Sátidé, mo gbọ́dọ̀ fi fídíò òbí wọn ránṣẹ́ sí wọn.

Màmá Báyọ̀ wà lára àwọn arúgbó wa. Wọ́n ti ta aṣọ ní Ìpọ̀nrí títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Báyọ̀ nìkan ni wọ́n bí, Kánádà ló sì wà. "Ìyàwó mi" ni Màmá máa ń pè mí.

Ká sòótọ́, fídíò yẹn sú mi. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ kan tí ara Màmá yá gan-an, mo pààrọ̀ aṣọ fún wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì ká fídíò kan sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní Sátidé. Mo gbé àga wọn lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó di aṣọ kẹrin, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó ti rẹ̀ mí o. Ṣé Báyọ̀ ò ní mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣáà sọ pé ara yín le, Mà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àìsàn fi dá Màmá dùbúlẹ̀. Mo rò pé àìsàn náà yóò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo sì fi fídíò kẹta ránṣẹ́. Báyọ̀ dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, mo ti fẹ́ wá lóṣù yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe rí Màmá yìí, ọkàn mi balẹ̀. Ó di Kérésì."

Ó yẹ kí n pè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ni. Tí mo bá pè é, á mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Ọ̀gá wa, obìnrin dáadáa, bi mí bóyá mo ti sọ fún Báyọ̀ pé ara Màmá ò yá. Mo ní, "Mo ti sọ, Mà."

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń béèrè Báyọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n gbé fóònù mi. Mo ká ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀. Mi ò fi ránṣẹ́. Fídíò kẹrin, ti ańkárá aláwọ̀ ewé, ni mo fi ránṣẹ́ ní Sátidé. Ní Mọ́ńdè, Màmá kú.

Mo sọ fún Báyọ̀ pé wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Níbi ìsìnkú, ó dì mọ́ mi, ó ní èmi ni mo ṣe ọmọ fún ìyá òun. Ẹ wo ojú mi lọ́jọ́ náà!

Èmi ni ọ̀gá ilé náà báyìí. Fídíò karùn-ún la ṣì fi ń polówó. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí a ṣe ń ṣàánú arúgbó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Báyọ̀ pè mí. "Àǹtí, ọmọ mi ń béèrè ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí fídíò kankan tó kù lọ́wọ́ yín? Bó ti wù kó kéré tó."

Mo ní màá wò ó. Kò sí ohun tí mo fẹ́ wò. Fídíò tí mo ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Màmá ò wé gèlè nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ṣé kí n fi ránṣẹ́, àbí kí n pa á rẹ́? Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Báyọ̀, ṣé wọn ò tíì sọ fún ẹ ni? Mò ń retí ẹ."