Èmi Ni Mo Fi Áyọ́ọ̀nù Jó Ìbòjú Ìyá Dúpẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé bí mo bá tún dákẹ́ títí di Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi yóò já lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa múra fún ìyàwó. Ní Lọ́kọ́jà níbí, bí ẹ bá rí ìyàwó tí kò kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tí kò fi nǹkan kan bo orí, tó jẹ́ pé irun tí a dì sẹ́yìn àti òdòdó rósì funfun mẹ́ta péré ló fi ṣe ọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo ṣe é. Àwọn èèyàn ní mo lójú inú, pé mo mọ ohun tó mọ níwọ̀n tó sì ń fani mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ìbẹ̀rù ló kọ́ mi.

Dúpẹ́ ni ìyàwó àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, àbúrò rẹ̀ Bísí sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ jù nínú ẹrù ìyá náà ni ìbòjú tó fi ṣe ìgbéyàwó. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n, ó sì gùn dé ilẹ̀. Ìyàwó tí bàbá wọn fẹ́ lẹ́yìn náà, Màmá Ojoma, ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Ígálà ni Màmá Ojoma. Òun ló tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà pẹ̀lú Ojoma tó bí, "Mọ̀mí" sì ni wọ́n ń pè é.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, mo lọ sílé wọn ní àdúgbò Karaworo kí n lè fi áyọ́ọ̀nù lọ gáùnù Dúpẹ́. Inú àpótí kan náà ni gáùnù àti ìbòjú wà. Màmá Ojoma fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ìbòjú yẹn, má fi iná kàn án o. Ṣáà fi kọ́, á nà fúnra rẹ̀." Ó bá lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá.

Mo lọ gáùnù tán, mo yọ ìbòjú. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a hàn gbangba. Agídí mi kò jẹ́ kí n gbọ́ràn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi níṣẹ́ mi. Mo ní kí n kàn fi áyọ́ọ̀nù ra á lára díẹ̀. Iná ọjọ́ yẹn sì le. Kí n tó mí, aṣọ ti yọ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo fi máa fà á, ihò tó tó ojú èèyàn ti wà láàárín rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣí fèrèsé kí òórùn lè jáde. Mo ká ìbòjú sínú báàgì mi, mo ti àpótí, mo sì lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Màmá Ojoma níbi tó ti ń bẹ iṣu. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo rò pé màá sọ fún Dúpẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo kun Dúpẹ́ lójú tán, ó ṣí àpótí, kò bá ìbòjú níbẹ̀. Ó figbe ta. Bàbá wọlé, àwọn àbúrò bàbá wọlé. Màmá Ojoma ní èmi ni òun fún ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ojú bá yí sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Aṣọ tó jó, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu mi, mo ní, "Gáùnù nìkan ni mo bá níbẹ̀, sà. Mi ò rí ìbòjú kankan."

Màmá Ojoma wò mí. Kò bú mi. "I no touch am," ló ń wí ṣáá. "God dey see me, I no touch am." Àbúrò bàbá kan tó ti Kàbà wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Ẹ ò rí i? Òkú ló ń bá jowú." Bàbá kò dá a lẹ́kun. Ìlú kan náà ni èmi àti bàbá ti wá, ìjọ kan náà la ń lọ. Nínú yàrá yẹn, Màmá Ojoma nìkan ni wọn ò kà mọ́ tiwa. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa gbà gbọ́, mo sì fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Dúpẹ́ ń sunkún, gbogbo àtíkè tí mo fi sí i lójú ti ṣàn tán. Aago mẹ́wàá ni ìsìn. Rósì tó fẹ́ dì mú wà nínú kúlà, Àbújá la ti gbé e wá. Mo yọ mẹ́ta nínú rẹ̀, mo gé ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, mo fi há irun rẹ̀ lẹ́yìn. Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, kó lè dà bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.  Mo ní, "Báyìí làwọn ìyàwó tó gbájúmọ̀ ṣe ń ṣe é. Ta ló tún ń lo ìbòjú?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó tó àkókò kí ọkọ ṣí ìbòjú, pásítọ̀ dúró, kò rí ohun tí wọn yóò ṣí.  Ọkọ bá tẹ̀ síwájú, ó rọra fọwọ́ kan òdòdó náà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pàtẹ́wọ́. Fọ́tò yẹn lọ káàkiri lórí fóònù. Láàárín oṣù méjì, wọ́n ti ń wá mi wá láti àdúgbò Felele: "Ẹ ṣe mí bíi ti Dúpẹ́."

Bí iṣẹ́ mi ṣe ń gbèrú ni ilé wọn ń tú. Àwọn ọmọ kò pe Màmá Ojoma ní Mọ̀mí mọ́. Bàbá kì í dá a lóhùn. Kò pé ọdún kan tó fi kó ẹrù rẹ̀ àti Ojoma lọ sí yàrá kan ní àdúgbò Kabawa. Tíṣà ni níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ kò lè bá mi dé Karaworo lọ sọ òótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Bísí wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun náà fẹ́ relé ọkọ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ó ní, "Àǹtí, bíi ti Àǹtí Dúpẹ́ ni kí ẹ ṣe fún mi o. Rósì mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo bi í bóyá Mọ̀mí yóò wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Èwo ni Mọ̀mí? Olè tó jí ìbòjú ìyá mi? Mi ò fẹ́ rí i nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì."

 Mo kàn ń ya irun rẹ̀.

Lánàá òde yìí, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, àfi Màmá Ojoma nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ti gbéra kí n tó rí i. Òun ló kọ́kọ́ kí mi. Ẹ rántí pé àwa méjì péré láyé yìí la mọ òótọ́. Mo ń retí kó bú mi. Èébú ì bá tù mí lára.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ìwọ lo máa ṣe Bísí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀, ojú ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀ láti kékeré. Má fa irun rẹ̀ le níbẹ̀, ó máa ń dùn ún." Ó tún ní, "Tó o bá ṣe é tán, ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. I beg."

Mo ní màá ya á. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Mo sunkún dé ilé.

Mo ti di adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ìjà yóò ṣẹlẹ̀ nílé ìyàwó, orúkọ mi yóò sì bàjẹ́ ní gbogbo Lọ́kọ́jà. Bí mo bá ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó, òótọ́ náà á ti pẹ́ jù fún Màmá Ojoma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé. Mo ti ṣèlérí fọ́tò fún un, bẹ́ẹ̀ òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Kò yẹ kó jẹ́ inú fóònù ni yóò ti rí i.