Abẹ́rẹ́ Fìyìn Tó Dì Nínú Fíríìsà Ẹlẹ́ja

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tí kì í tòògbé ga! Halelúyà! Ọmọ mi wà láàyè. Òun ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tó fi nǹkan bo imú, torí mi ò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Gbogbo yín lẹ mọ Fìyìn, ọmọbìnrin mi. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni orúkọ àìsàn rẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ ọ́ fún èmi àti bàbá rẹ̀, mi ò sunkún. Etí mi ló di. Mo ń wo ẹnu dókítà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ náà lágbára. Ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, àwọn yẹn sì ni ọmọ ogun tó ń bá wa gbógun ti àìsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Fìyìn wò, àwọn ọmọ ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà ní, "Ìyá Fìyìn, ikọ́ lásán lè gbé e lọ báyìí." Olúwa, ṣàánú!

Ó kọ abẹ́rẹ́ kan fún wa. Ó ṣàlàyé pé purotéènì kan wà nínú ara ènìyàn, òun ló ń rán mùdùnmúdùn eegun níṣẹ́ pé kó pèsè ọmọ ogun tuntun. Àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀nà láti máa ṣe irú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Inú kòkòrò tí ojú kò lè rí ni wọ́n ti ń mú un jáde. Apòògùn wá kìlọ̀ fún mi: inú òtútù ni kó máa wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mì ín jìgìjìgì. Mo tún un sọ lójú rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

A gbé e dé ilé wa ní Ojú Ore. Màmá Nọ́ọ̀sì, tí ẹ mọ̀ nínú ìjọ yìí, gún Fìyìn ní ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ síbi iṣẹ́ ní Sango, wọ́n sì mú iná lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣadé, tó ń ta ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ló ń bá mi ṣọ́ ọmọ. Ó rí i pé fíríìjì wa ti ń ṣomi. Ó bá kó àwọn abẹ́rẹ́ tó kù lọ sínú fíríìsà rẹ̀, tí yìnyín ṣì kún inú rẹ̀, ó tẹ́ wọn sáàárín ẹja. Nínú òwò tirẹ̀, ohun tó bá ti dì ti yè nìyẹn.

Bí mo ṣe wọlé, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti bá mi tọ́jú ẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì mú un jáde. Gbogbo rẹ̀ ti di yìnyín. Ó ní òun ò ní gún ọmọ náà ní i.

"Ẹja wo ló bàjẹ́ rí nínú fíríìsà mi?" ni Àǹtí Ṣadé bi í.

"Ṣadé, èyí kì í ṣe ẹja."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè bínú. Ọwọ́ mi ti wà lórí Fìyìn, mò ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ti gbóná. Mo pe apòògùn. Ó ní ká má lò ó, pé kò sì sí òmíràn lọ́wọ́ òun lásìkò yẹn. Bàbá Fìyìn ń pe ilé oògùn káàkiri, èsì kan náà ni. Mo ti gbogbo fèrèsé. Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ pàápàá sún mọ́ ọn.

Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ṣé mo ti fẹ́ kú ni?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n ohùn mi gbọ̀n, ó sì gbọ́ ọ.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́run rán mi létí Ìyá Ridiwan, ará Ìgbẹsà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ibùsùn tó tẹ̀ lé tiwa ní ọsibítù. Mo pè é láti bi í níbi tó ti ra tirẹ̀. Ó ní wọ́n ti dá ti Ridiwan dúró, torí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti padà. Èyí tó ṣẹ́ kù ṣì wà ní fíríìjì ilé ìtọ́jú tó wà nínú ilé iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣọ́, níbi tí iná kì í lọ. Mo pe dókítà, ó ní kí Ìyá Ridiwan ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ sí òun létí lórí fóònù. Ó ní oògùn kan náà ni, kó máa gbé e bọ̀.

A retí títí. Ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nígbà tó dé, eruku pupa bò ó dé orúnkún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gun ọ̀kadà.

Ó ní, "Lójú ọ̀nà Ìgbẹsà yẹn? Kí ọ̀kadà máa mi oògùn ọmọ ẹ jìgìjìgì? Mo fẹsẹ̀ rìn dé títì ni." Ó ṣí kúlà rẹ̀. Ó ti fi táwẹ́lì wé yìnyín, kó má baà kan abẹ́rẹ́ náà.

Màmá Nọ́ọ̀sì gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara. Ó gún un. Ògo!

Ibà tí mò ń bẹ̀rù kò wá. Nígbà tí a padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, dókítà wo èsì rẹ̀, ó wo èmi náà, ó ní, "Wọ́n ti ń padà bọ̀." Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ ṣé!

Ìtọ́jú kò tíì parí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ má dá ẹ̀rù yín gbé. Ẹ pe ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ó lè jẹ́ inú fíríìjì ẹlòmíràn ni Ọlọ́run fi ohun tí ẹ ń wá pamọ́ sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ridiwan. Nígbà tó ń lọ lọ́jọ́ náà, Àǹtí Ṣadé kó ẹja kún kúlà rẹ̀, ó ní, "Èyí ni kí ẹ jẹ́ kó dì o."

Fìyìn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ẹ bá mi yin Olúwa!