Ariwo Kúlọ́ọ̀ṣì tí N Kò Fetí sí

Alága wa, Alàgbà Lucas, mo kúnlẹ̀ kí yín. Máníjà oko ọ̀pẹ wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá mi Vincent, tí ẹ gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí ẹ sì sọ mí di mẹkáníìkì, ẹ pẹ́ fún mi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣa ẹyìn, ẹ̀yin àlejò láti Òde-Ayé àti Ìlútítun, àti ọkọ mi Joel, tí wọn kò tíì yéé rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o!

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi iyọ̀ sí tíì láàárọ̀ yìí, ọkọ mi sì mu ún tán. Lọ́la ni a ó kó lọ sí Àkúrẹ́, ọdún mẹ́fà tí mo lò láàárín yín sì parí lónìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ rẹ̀? Ṣé oúnjẹ púpurú tí ẹ gbé wá fún mi nígbà tí òjò sé mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù ni, àbí sùúrù ọ̀gá mi, tí wọ́n ń fi síkúrù kan kọ́ mi nígbà mẹ́wàá? Ó yẹ kí n máa jó. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ jó, ọkàn mi ni kò gbà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, n kò lè gbé e wọ ilé ọkọ.

Gbogbo yín mọ òfin ọ̀gá mi. Ẹni tó bá gbé alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí a fi ń kó ìdì ẹyìn wá fún àtúnṣe, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe ariwo rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gá mi á ní, "Ẹni tó ń gùn ún ló mọ bó ṣe ń ké." Àgbàlagbà á wá la ẹnu bí àkèré! Ṣé a kì í rẹ́rìn-ín ni?

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá mi lọ ra páàtì ẹ́ńjìnnì ní Òkìtìpupa. Bọ̀ọ̀dá Láyí awakọ̀ gbé tiwọn wá. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ará ilé Joel ń bọ̀ wá tọrọ mi ní Erinje, mo sì ti ń fọ gírísì kúrò lọ́wọ́.

"Charity, gbọ́ o," ni wọ́n wí. "Bí mo bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á máa ṣe gbará-gbará-gbará. Bí mo bá fún un níná báyìí, wúù, ó dákẹ́."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Láyí, ẹ jọ ẹ̀rọ ìlọta tó ní ikọ́!"

Wọ́n ní, "Ìwọ rọra. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n á mọ irú ẹnu tí wọ́n fẹ́ gbé sílé."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà nínú ohun tí wọ́n fi ẹnu ṣe. Ariwo tó ń ké ní ìdúró, tó ń dákẹ́ bí iná bá wọ̀ ọ́, kúlọ́ọ̀ṣì iwájú, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹ́líìtì, ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Kí n tú bẹ́líìtì, kí n tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí n gbọ́ bóyá ariwo ṣì wà níbẹ̀: kò ju wákàtí kan lọ. N kò tú u. Aago ni mo wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù pé: "Kò sí ohun tó ṣe é. Awakọ̀ ló ń fi ipá wà á."

Ohun tí máníjà wa kà nìyẹn. Wọ́n gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹni tó ti ń wakọ̀ lóko yìí kí n tó wọ ilé ìwé, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Láyí lọ máa ṣa ẹyìn tó já bọ́ sílẹ̀, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Victor tí a gbé e fún gbé e padà wá. Ariwo kan náà! Ìgbà náà ni mo tó tú u. Búṣìn, òrùka kéékèèké inú àwọn irin kúlọ́ọ̀ṣì, ti jẹ tán, àwọn irin náà ń mì bí èkùrọ́ nínú agolo. Kò sẹ́ni tó fi ipá wa nǹkan kan. Mo pààrọ̀ wọn, mo dé e padà, mo nu ọwọ́ mi, mo dákẹ́.

Kí ni mo ń bẹ̀rù? Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní mẹkáníìkì tí kì í ṣì í. Lójoojúmọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Láyí ń gbé agbọ̀n kọjá níwájú mi, tí wọ́n ń ṣàwàdà pé, "Ìyàwó, ó ku ọjọ́ mélòó?" Wọ́n wá síbi ìgbéyàwó mi. Wọ́n jó. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, tiwọn ni a gé.

Mo ti jẹ́wọ́ fún máníjà láàárọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, Bọ̀ọ̀dá Láyí yóò padà sórí ìjókòó wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá oṣù mẹ́jọ padà fún wọn?

Bọ̀ọ̀dá Láyí, èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rí i pé ẹ kò gbójú sókè. Ìyá mi tó wà lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n sọ pé ó ti tán. Ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n, mà. Bí gbogbo agbo bá dojú kọ èèyàn, kí ni yóò tún sọ ju pé ó ti tán lọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú tó bó ṣe wù wọ́n. Bí ìdáríjì bá dé, kí ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló mú un wá. Bí kò bá dé, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Kí Ọlọ́run tu orúnkún yín lára, Bọ̀ọ̀dá Láyí. Kí irin má ṣe yín léṣe lóko yìí. Ẹ̀yin tí ọjọ́ ayọ̀ yín ń bọ̀, kí ìkánjú má jẹ́ kí ẹ fi ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn. Kí ilé wa náà tòrò. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.